Bí A Ṣe Ń Wo Bọ́ńsáì Tó Dáńgájíá, àti Bí A Ṣe Ń Dá Ọwọ́ Ẹni Tó Tọ́ Ọ Mọ̀

Ewé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò tí wọ́n bá rí bọ́ńsáì, igi kékeré tí wọ́n ń tọ́ sínú àwo. Wọ́n á ní ó kéré, ó sì wuyì, wọ́n á sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ewé ló yẹ kí ojú bà lé gbẹ̀yìn. Ìdí igi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gba ara igi gòkè, kẹ́ ẹ tó dé orí ẹ̀ka, torí bí ẹni tó tọ́ ọ ṣe ṣiṣẹ́ náà nìyẹn: gbòǹgbò ló kọ́kọ́ tò, ó wá dúró kí ara igi sanra, ó yan ẹ̀ka, ewé ló fi kádìí rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó báyìí ló máa mọ ìyàtọ̀ láàárín igi tí wọ́n kàn bẹ́ lórí sínú ìkòkò àti igi tí ọ̀gá kan fi ogójì ọdún tọ́.

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ní Àgbádárìgì ti ń rí àwọn bọ́ńsáì tó lókìkí jù láyé. Kò burú, àmọ́ fóònù nìkan ò lè kọ́ ojú. Àgbà igi tó dúró níta ló ń kọ́ ọ, ìyẹn ò sì wọ́n wa. Ẹni tó bá ti fara balẹ̀ wo ọdán kan dáadáa á lè sọ ohun tó dáa àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára bọ́ńsáì ilẹ̀ Japan, kódà bí kò bá tíì gbọ́ orúkọ irú igi náà rí.

Ohun tó jẹ́, ohun tí kò jẹ́

Bọ́ńsáì kì í ṣe ẹ̀yà igi. Igi lásán ni, tí wọ́n gbìn sínú àwo pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń tẹ̀, títí tó fi jọ àgbà igi inú igbó. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti bẹ̀rẹ̀, penjing ni wọ́n ń pe tiwọn; àwọn ará Japan gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fún un ní ìlànà tiwọn. Nítorí náà, "irúgbìn bọ́ńsáì" tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irúgbìn igi lásán ni. Bí ẹ bá gbìn ín sílẹ̀, tẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀, igi ńlá ló máa dà.

Wọn kì í fi ebi pa igi kó lè kéré. Igi tí ebi ń pa máa ń pọ́n lewé, ẹ̀ka rẹ̀ á sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Gígé orí ẹ̀ka àti gígé gbòǹgbò ló ń mú un kéré. Oúnjẹ, omi àti oòrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé.

Àgbọn, tó kún ìlú wa, kò lè di bọ́ńsáì gidi. Ojú ìdàgbà kan ṣoṣo ló ní, òkè pátápátá ló sì wà. Bí wọ́n bá gé e, igi náà kú. Kì í yọ ẹ̀ka, ara rẹ̀ kì í sì í sanra sí i lọ́dọọdún bíi ti ọdán. Àwọn kan máa ń gbé àgbọn tó ti hù sínú àwo, ó máa ń dùn ún wò, àmọ́ kò sí ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ tọ́ níbẹ̀. Ọ̀pẹ náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ kọ́ ojú lọ́dọ̀ àgbà igi

Ẹ wá àgbà ọdán kan tí àyè wà yí ká. Àárọ̀ kùtù tàbí nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, nígbà tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, torí òjìji á fi hàn yín ibi tí ara igi ti yọ síta àti ibi tó ti wọnú. Ẹ mú ìwé, pẹ́ńsù, àti téèpù àwọn télọ̀ dání.

Ẹ kọ́kọ́ jìnnà sí i, kí àyè tó wà láàárín yín tó ìlọ́po méjì gíga igi náà. Ẹ ya ìlà mẹ́ta péré: ìlà ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ti fẹ̀, ìlà ara igi láti ilẹ̀ dé òkè, àti ìlà tó yí orí igi ká. Ẹ má ya ewé kankan. Bí ẹ bá wo ìlà kẹta yẹn, ẹ ó rí i pé orí àgbà ọdán kì í ṣe ṣóńṣó: ó fẹ̀, ó sì tẹ́ bí agboòrùn. Igi tó ṣì ń dàgbà ló máa ń ní orí ṣóńṣó, torí ó ṣì ń sáré wá oòrùn lókè. Èyí ni àmì ọjọ́ orí tí àwọn ọ̀gá bọ́ńsáì ń lò jù: igi tí wọ́n bá fẹ́ kó jọ arúgbó, wọ́n á yí orí rẹ̀ kó rí roboto.

Ẹ wá sún mọ́ ọn. Ẹ fi téèpù wọn ara igi yíká níbi tó ti kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n níbi tó bá yín láyà. Bí nọ́ńbà kejì ṣe kéré sí ti àkọ́kọ́ yẹn ni ohun tí oníbọ́ńsáì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ẹ wo ẹ̀ka ìsàlẹ̀: òun ló máa ń nípọn jù, torí òun ló ti wà pẹ́ jù, ìwúwo ara rẹ̀ sì ti fà á tẹ́. Ẹ wo gbòǹgbò tó ń já bọ̀ láti ara ẹ̀ka. Àwọn kan ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, wọn ò tíì kan ilẹ̀, àwọn kan ti wọlẹ̀, wọ́n ti sanra, wọ́n sì ti dà pọ̀ mọ́ ara igi débi pé ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá sétí òkun, kẹ́ ẹ wo igi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá fún ọdún gbọọrọ. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkun sábà máa ń fẹ́ wá sórí ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì máa jó ewé tó bá kọjú sí i. Èèyàn á rò pé ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ òkun kàn kú tán ni. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn kan hù láti ẹ̀gbẹ́ òkun gan-an, wọ́n wá yí padà, wọ́n gba ẹ̀yìn ara igi kọjá, wọ́n sì kọrí síbi tí àwọn yòókù kọrí sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Bọ́ńsáì kan wà tí wọ́n ń tọ́ bíi pé afẹ́fẹ́ ń gbá a; tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹni tó ṣe é kàn gé gbogbo ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ kan dànù, tí kò yí ìkankan padà, ẹni náà ò wo igi etí òkun rí.

Gbogbo ará Àgbádárìgì ló mọ̀ nípa igi Agiya, tí wọ́n wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, tí ìjì sì wó ní 1959. Igi tí èrò lè pé jọ sábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ máa bi ara yín níwájú bọ́ńsáì èyíkéyìí ni pé: bí mo bá kéré tó ìka ọwọ́, ṣé màá fẹ́ jókòó lábẹ́ igi yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó tọ́ ọ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó kàn ni kẹ́ ẹ wá ibi tí àṣìṣe náà wà, àwọn ibi náà ò sì pọ̀.

Láti ìdí lọ sókè

Bọ́ńsáì ní iwájú, ibi kan ṣoṣo tí ọ̀gá fẹ́ kẹ́ ẹ ti wò ó. Ẹ dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́fà sí i, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú yín á fi wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta gíga igi náà láti ilẹ̀. Bí ẹ bá ń wò ó látòkè, òdòdó inú ìkòkò lẹ máa rí. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, igi lẹ máa rí.

Gbòǹgbò ni àkọ́kọ́. Ó yẹ kí àwọn tó nípọn tàn kálẹ̀ lọ́tùn-ún, lósì àti lẹ́yìn, kí wọ́n wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí èyíkéyìí má gun orí ẹnì kejì. Gbòǹgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo á jẹ́ kí igi dà bí èyí tó fẹ́ ṣubú. Gbòǹgbò tó bá gba iwájú òmíràn kọjá á fún un lọ́rùn bí méjèèjì ṣe ń sanra. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé igi náà kúrò nínú ọ̀rá ni àṣìṣe yìí ti ń wọlé: wọn ò tú gbòǹgbò, wọn ò yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n kàn da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àtúnṣe rẹ̀ ti di iṣẹ́ ńlá.

Ara igi ló tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń lò ni pé kí gíga igi jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà bí ìdí rẹ̀ ṣe nípọn. Igi tí ìdí rẹ̀ nípọn tó ínṣì mẹ́ta, kó ga tó ínṣì méjìdínlógún. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ojú á rí i bí igi ọ̀dọ́, àfi èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀ka rẹ̀ ò pọ̀, tí ẹwà rẹ̀ wà nínú bí ara rẹ̀ ṣe yí. Kò sí oògùn tó ń mú kí ara igi tín-ín-rín bọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè. Wọ́n á jẹ́ kó dàgbà fàlàlà, wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á yan ẹ̀ka kan láti di orí tuntun, wọ́n á jẹ́ kí òun náà dàgbà, wọ́n á tún gé e. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wá a, ẹ lè rí ojú gígé kọ̀ọ̀kan: ibẹ̀ ni ara igi ti yí díẹ̀, tó sì tín-ín-rín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kà wọ́n, kẹ́ ẹ wá fojú inú wo ọdún tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì.

Àìsàn tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí òkè nípọn ju ìsàlẹ̀ lọ. Ohun tó ń fà á ni kí ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin hù láti ojú kan, torí gbogbo wọn á máa mú ibẹ̀ wú. Kíákíá ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọdán àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti yọ àwọn tó kù, á ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ẹ ṣọ́ra tún fún ara igi tó lọ́ síhìn-ín lọ́ sọ́hùn-ún ní ìwọ̀n kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Igi inú igbó kì í lọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtẹ̀sí rẹ̀ máa ń tóbi nísàlẹ̀, á sì máa kéré bó ṣe ń gòkè. Iṣẹ́ oko tí wọ́n ti ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ni èyí tó lọ́ déédéé.

Ẹ̀ka wá kàn. Ẹ̀ka kìíní sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gíga igi, ó sì yẹ kó nípọn ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Èkejì á wà ní òdìkejì, lókè díẹ̀. Ẹ̀kẹta á lọ sẹ́yìn, òun sì ni ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í rí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí igi ní jíjìn. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ igi kẹ́ ẹ wò ó: bí kò bá sí ẹ̀ka ẹ̀yìn, bí àwòrán ara ògiri ló rí. Ẹ̀ka tó bá ti iwájú yọ tààrà sí òǹwòran, àwọn àgbà ti sọ tirẹ̀ tán: igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lókè pátápátá nìkan ni wọ́n ti ń fàyè gba ẹ̀ka kéékèèké síwájú, nítorí kí ara igi má bàa hàn gbangba láti ilẹ̀ dé orí.

Ibi tí ẹ̀ka kọrí sí ń sọ ibi tí igi ti wá. Ẹ̀ka pine ilẹ̀ Japan, igi tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, máa ń tẹ̀ wálẹ̀, torí yìnyín ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí òkè tó ti wá. Kò sí yìnyín lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fi wáyà fa gbogbo ẹ̀ka ọdán wálẹ̀ kó lè jọ ti pine ti gbé aṣọ aláṣọ wọ̀ fún igi náà, bó ti wù kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó.

Ẹ lè wá wo ewé báyìí. Ewé kékeré jẹ́ àmì pé ẹ̀ka ti pín sí méjì, méjì ti di mẹ́rin, mẹ́rin ti di mẹ́jọ, fún ọdún gbọọrọ, nínú oòrùn tó tó. Òdòdó àti èso ní tiwọn kì í kéré. Bọ́ńsáì gúrọ́fà á so gúrọ́fà tó tóbi bíi ti inú ọgbà, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ á sì tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá fi fẹ́ràn igi tí èso rẹ̀ kéré láti ilé wá.

Àwo: gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga igi, jíjìn rẹ̀ sì máa ń tó bí ìdí igi ṣe nípọn. Àwo amọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò dán ni ti pine àti junípà, igi mìíràn tí kì í wọ́wé. Èyí tó dán, tó ní àwọ̀, wà fún igi olódòdó àti èyí tó ń wọ́wé. Igi kì í wà láàárín gbùngbùn àwo. Wọ́n á sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀.

Dídá ọwọ́ ọ̀gá mọ̀

Ọ̀nà méjì ló wà láti mú kí igi yí, ojú sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Wáyà ń mú ìtẹ̀sí wá ní roboto. Àwọn ará Lingnan ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà gbára lé gígé: wọ́n á gé ẹ̀ka, wọ́n á dúró dè é kó hù, wọ́n á tún gé e níbi tí ojú tuntun bá kọrí sí. Ẹ̀ka tiwọn máa ń ní igun tó mú, á sì tín-ín-rín ní ìpele ìpele. Ọ̀nà yìí pẹ́, àmọ́ ó bá igi ilẹ̀ olóoru mu gan-an torí wọ́n ń yára hù.

Masahiko Kimura, tí wọ́n bí ní 1940, tó ń ṣiṣẹ́ ní Saitama nílẹ̀ Japan, gbé irinṣẹ́ oníná wọnú iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe látayébáyé. Àwọn kan bínú sí i, àwọn mìíràn ń pè é ní onídán. Lára junípà rẹ̀, ẹ ó rí igi kíkú funfun tó yí mọ́ iṣan tó wà láàyè. Bí ẹ ṣe máa wò ó nìyí: ẹ má jẹ́ kí funfun yẹn gbé yín lójú lọ. Ẹ fi ojú tẹ̀ lé iṣan tó wà láàyè, tí èèpo rẹ̀ pọ́n, láti gbòǹgbò lọ títí dé ewé. Bó bá já níbì kan, ewé tó ń bọ́ á kú, nítorí náà ọ̀gá ti mọ ọ̀nà rẹ̀ pátá kó tó fi irin kan ibẹ̀. Oògùn kan tí wọ́n fi imí ọjọ́ àti ẹfun ṣe, tí wọ́n ń pè ní lime sulphur, ni wọ́n fi ń kun igi kíkú náà kó lè funfun, kó má sì tètè jẹrà. Ẹ má retí irú ẹ̀ lára ọdán. Igi rẹ̀ rọ̀, omi inú afẹ́fẹ́ ìlú ọ̀sà bíi tiwa pọ̀, á jẹrà láàárín ọdún díẹ̀. Ihò inú igi àti gbòǹgbò tó ń já bọ̀ ni ẹwà tí ọdán lè fi ṣògo.

John Naka ní tirẹ̀, ará Amẹ́ríkà tí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Japan, tí wọ́n bí ní 1914, tó sì kú ní 2004, ló tọ́ Goshin, igbó junípà mọ́kànlá nínú àwo kan. Ní 1948 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ èyí tó ti wà pẹ́ jù nínú wọn. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni àwọn igi náà dúró fún, ó sì fi ta ilé àkójọ bọ́ńsáì ní Washington lọ́rẹ ní 1984. Ẹ ṣí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ wo bí èyí tó ga jù ṣe kúrò láàárín díẹ̀, bí àyè àárín ara igi kan àti èkejì ò ṣe dọ́gba, bí ìkankan ò ṣe fi ara pa mọ́ sẹ́yìn òmíràn. Ẹ wá fi àtàǹpàkò bo igi kan ṣoṣo. Ìyókù á dà bí ẹnu tí eyín kan ti yọ. Ẹ bo òmíràn, bákan náà ni. Ohun tó mú Naka yàtọ̀ nìyẹn: kò sí èyí tó wà níbẹ̀ lásán.

Igi míì wà tí kò ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo lára. Pine funfun ìdílé Yamaki ti wà nínú títọ́ láti 1625. Hiroshima ló wà nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, 1945, ó sì yè é. Masaru Yamaki fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976, ó wà lára bọ́ńsáì mẹ́tàléláàádọ́ta tí Japan fi ránṣẹ́. Ìgbà tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wá wò ó ní 2001 ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí igi náà ti là kọjá. Irú igi yìí, ohun tẹ́ ẹ máa wá lára rẹ̀ ni bí ọwọ́ tó tẹ̀ lé ọwọ́ ò ṣe ba iṣẹ́ ẹni ìṣáájú jẹ́.

Ẹni tó yẹ kí àwa ará Áfíríkà mọ̀ ni Charles Ceronio ti South Africa. Dípò kó máa ṣe pine Japan, igi kasíà (acacia) ilẹ̀ wọn tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ló wò, irú èyí tí ayàwòrán Pierneef máa ń yà, ó sì fi orúkọ Pierneef sọ ìlànà bọ́ńsáì kan. Ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀ fún ọdán náà.

Ibi tí ìkánjú ti ń hàn

Àpá wáyà ni ẹ kọ́kọ́ wá: ìlà tó wọ inú èèpo tó yí ẹ̀ka ká. Wọ́n fi wáyà sílẹ̀ pẹ́ jù. Wáyà àlùmíníọ̀mù tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka, tí wọ́n yí ní ìdagun ìwọ̀n (dígírì) 45, ló yẹ. Lára ọdán lásìkò òjò, ó lè wọ inú èèpo láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ fi pílíáàsì gé e wẹ́wẹ́ kúrò, ẹ má tú u, torí títú ló ń ṣẹ́ ẹ̀ka.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ẹ lè rí igi kékeré tí ìdí rẹ̀ wú bí iṣu, tí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀. Ìbátan ọdán láti ilẹ̀ Éṣíà ni, wọ́n sì sábà máa ń lẹ ẹ̀ka òkè yẹn mọ́ ọn ni. Ẹ wo ibi ìlẹ̀mọ́ náà, àwọ̀ èèpo ò ní bára mu. Ẹ lè rà á, àmọ́ ẹ má san owó bọ́ńsáì lórí rẹ̀. Bí ewé rẹ̀ bá ká pọ̀ sí méjì, ẹ ṣí ọ̀kan: kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ já gbogbo ewé bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ dì í, kẹ́ ẹ tó gbé igi náà délé sí tòsí òmíràn.

Ẹ tọ́ ọ̀kan, kí ojú lè là sí i

Nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ gé ẹ̀ka ọdán tó nípọn tó àtàǹpàkò, kó gùn tó ínṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gé e ní ìbú tààrà, ẹ má gé e ní ìdagun, kí gbòǹgbò lè yọ yíká. Oje funfun rẹ̀ á ṣàn. Ẹ fi omi ṣan án títí á fi dáwọ́ dúró, ẹ má sì fi ọwọ́ náà kan ojú. Ẹ já ewé ku méjì, kẹ́ ẹ gé àwọn yẹn sí ààbọ̀. Ẹ rì í wọ inú yanrìn ṣáápù ní ínṣì mẹ́ta, lábẹ́ òjìji, kí yanrìn máa tutù. Ẹ má lo yanrìn etí òkun, iyọ̀ inú rẹ̀ á pa gbòǹgbò.

Bó bá ti ta gbòǹgbò, tó sì ń yọ ewé dáadáa, ẹ gbé e sínú ìdá méjì òkúta wẹ́wẹ́ tàbí bíríkì sísun tẹ́ ẹ fọ́, àti ìdá kan èèpo àgbọn tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́. Kí ẹyọ rẹ̀ tóbi tó ìrẹsì sí ẹ̀wà, kẹ́ ẹ sì fi ajọ̀ yọ gbogbo èyí tó kúnná àti eruku kúrò, torí eruku ló ń dí ihò àwo, omi á dúró, gbòǹgbò á jẹrà. Ní oṣù kẹfà, bí òjò bá ń rọ̀ tọ̀sán tòru, ẹ ki igi pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ àwo kan kó lè dagun. Omi á yára ṣàn jáde. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi ìka wò ó láràárọ̀, bó bá ti gbẹ tó oríkèé ìka kan, ẹ bomi rin ín títí omi á fi jáde nísàlẹ̀.

Ẹ má gé e rárá fún ọdún kan sí méjì. Bí gbòǹgbò bá ń já bọ̀ láti ara ẹ̀ka, ẹ la ike ìfamu ọtí ẹlẹ́rìndòdò (straw) ní gígùn, kẹ́ ẹ fi ká gbòǹgbò náà mọ́ra títí dé ilẹ̀, kẹ́ ẹ bomi sínú rẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá ti wọlẹ̀ tó mú, ẹ yọ ọ́.

Kíka àkọlé àti àwòrán

Àwòrán kan máa ń fi iwájú nìkan hàn. Bó bá jẹ́ fídíò ni, ẹ dúró de ìgbà tí igi bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ wá ẹ̀ka ẹ̀yìn. Ẹ wá ohun tó ń fi ìwọ̀n hàn, ọwọ́ èèyàn tàbí àwo, torí bọ́ńsáì wà tí kò ju ínṣì mẹ́jọ lọ, òmíràn sì wà tí èèyàn mẹ́rin ń gbé. Àwòrán àwọn igi tó wà nílé àkójọ bọ́ńsáì Omiya nílẹ̀ Japan, tí wọ́n ṣí ní 2010 ní abúlé tí àwọn oníbọ́ńsáì tẹ̀ dó ní 1925 lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní Tokyo ní 1923, dáa fún ìdánrawò yìí.

Lára àkọlé, ọdún tí wọ́n kọ pé igi ti wà "nínú títọ́" kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ nìyẹn. Igi náà lè ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lórí òkè ṣáájú. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá orúkọ ẹnì kan ni wọ́n kọ tàbí ti méjì. Níbi àfihàn ńlá bíi Kokufu tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo ní 1934, ẹni tó ni igi àti ọ̀gá tó tọ́ ọ sábà máa ń yàtọ̀, orúkọ olówó ló sì máa ń hàn. Bí orúkọ ọ̀gá kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè.